Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àtijọ́: Èwo ni ti Àpótí, Èwo ni ti Ọwọ́?

Ìbéèrè tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lónìí ti ọ̀dọ̀ ọmọ wa kan wá, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ díje, òun sì ti ń tọ́jú owó láti ra ìbọn ìléwọ́ kan tí yóò jẹ́ ti òun. Tuntun kọ́ ni ó fẹ́. Èyí tí ó ti pẹ́ ni ó wù ú, tí òun lè máa yìn lọ́jọ́ ìdárayá, tí òun sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ òun lọ́jọ́ iwájú. Mẹ́rin ni ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun àtijọ́: Webley Senior ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Walther LP53, Diana 6 àti Feinwerkbau 65 ti ilẹ̀ Jámánì. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí òun mú?

Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó kó pọ̀ sójú kan. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó lé eku méjì á pòfo. Ohun tí ó mú kí ìbọn yẹ fún àpótí kọ́ ni ó ń mú kí ó yẹ fún ọwọ́. Ẹni tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá ìbọn tí a kò tíì yí padà: àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún, èkù tí ó bá a wá, àpótí rẹ̀, ìwé rẹ̀. Ẹni tí ń yìn ín ń wá ìbọn tí ó ń tẹ̀lé ojú rẹ̀, tí wáṣà rẹ̀ kò jò, tí a ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà lọ́jà. Nígbà mìíràn, bí a bá tún ìbọn àtijọ́ ṣe kí ó lè yìn dáadáa, ohun tí olùkójọ ìbá sanwó lé lórí gan-an ni a ti yọ dànù. Nítorí náà, kí ọmọ wa tó béèrè orúkọ ìbọn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀tù, kò sì ní iná. Sípíríǹgì irin kan wà nínú ara rẹ̀, tí ẹni tí ó mú un yóò fi agbára apá rẹ̀ fún pọ̀. Bí ìka bá fa apátí, sípíríǹgì náà yóò tú, yóò sì ti písítìn lọ pẹ̀lú agbára. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí iwájú písítìn yóò wá ọ̀nà jáde, yóò sì lé ọta òjé kékeré tí ó wà nínú ọ̀pá ìbọn lọ sí ibi tí a dojú rẹ̀ kọ. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, kí ọta tó kúrò lẹ́nu ọ̀pá, písítìn ti sáré, ó ti gbá ògiri, ìbọn sì ti mì lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Mímì yìí ni ọ̀tá ayìnbọn. Bí àwọn àgbẹ̀dẹ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe gbà á mọ́ra tàbí ṣe bá a jà ni ìtàn ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ wa kà sílẹ̀.

Webley ni ó dàgbà jù nínú wọn. Birmingham ni ilé iṣẹ́ Webley & Scott wà. Láti 1887 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù tí orúkọ Webley wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó di 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí yóò ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní 1924, Webley gbé ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí a ń pè ní Mark I. Junior tẹ̀lé e ní 1929, Senior sì dé ní 1930. Ọ̀pá ìbọn náà dùbúlẹ̀ sórí sìlíńdà. A ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, a ó yí i lọ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fún sípíríǹgì pọ̀. Bí a bá yìn ín, písítìn kì í sáré síwájú bí ti ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́: ẹ̀yìn ni ó ń sá sí, sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú un. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí ìbọn náà kúrú kí ó sì le, ṣùgbọ́n kò pa mímì rẹ̀ run. Ayìnbọn tí ó bá fẹ́ kí Senior gbọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dì í mú bákan náà nígbà gbogbo, kí ó má ṣe fún un lọ́rùn, kí ó má sì ṣe dẹ̀ ẹ́ jù.

Orúkọ Birmingham kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún méjìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, láti ìlú yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣakabùlà ti wọ etíkun wa, nígbà tí a ń fi ènìyàn ṣòwò, àti lẹ́yìn náà nígbà tí epo pupa di ọjà. Irú ìbọn òyìnbó bẹ́ẹ̀ wà nínú ogun tí Dàhọ̀mì fi fọ́ Kétu ní 1886. Nítorí náà, bí àwọn àgbà wa bá gbọ́ pé ọmọdé ń kó ìbọn jọ, tí wọ́n sì fajú ro, wọ́n ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìbọn tí a ń sọ níhìn-ín kò lọ sógun rí. Bébà tí a ya òbìrìkítí sí lára àti agolo òfìfo ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú rẹ̀ ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀dẹ, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀.

Ìkejì ni Walther LP53. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Walther ti kúrò ní Zella-Mehlis, ó sì tẹ̀dó sí Ulm. Wọn kò gba àwọn ará Jámánì láyè mọ́ nígbà náà láti ṣe ìbọn ẹlẹ́tù, nítorí náà ìbọn afẹ́fẹ́ ni ilé iṣẹ́ náà fi gbé ara rẹ̀ dìde. Inú èkù ni wọ́n fi písítìn àti sípíríǹgì LP53 sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, tí ẹwà rẹ̀ sì ń fa ojú. Ọ̀pá rẹ̀ ni a ń tẹ̀ wálẹ̀ láti fún sípíríǹgì pọ̀, ó sì le fún apá tí kò bá mọ́ ọn lára, débi pé a máa ń fi igi kékeré kan tì í pẹ̀lú rẹ̀, tí a óò fi bo ẹnu ọ̀pá kí ó má baà dun àtẹ́lẹwọ́.

Ìtàn kan wà tí ó sọ LP53 di olókìkí, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni ó jẹ́ fún ẹni tí ń kó nǹkan jọ. Ní 1963, nígbà tí wọ́n fẹ́ ya Sean Connery ní fọ́tò fún ìpolówó fíìmù James Bond kejì, ìbọn tí ó yẹ kí ó mú lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀. David Hurn tí ó ń ya fọ́tò náà ní LP53 tirẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa yìn ín. Ìyẹn ni wọ́n fi lé Connery lọ́wọ́. Ní 2010, wọ́n ta LP53 yẹn gan-an ní gbàǹjo ní ilé Christie's ní London, iye rẹ̀ sì ju 277,000 pọ́n-ùn lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ni ó gba owó náà, nítorí ọwọ́ tí ó gbé e. LP53 tí ó wà níwájú òǹtajà ní ọjà ohun àtijọ́ kò bá Connery pàdé. Bí òǹtajà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn Bond fún yín kí ó tó dárúkọ owó, ẹ mọ̀ pé ìtàn ẹlòmíràn ni ó fẹ́ tà fún yín.

Ìkẹta ni Diana 6, tí ilé iṣẹ́ Mayer & Grammelspacher ṣe ní ìlú Rastatt. Níbí ni àwọn àgbẹ̀dẹ ti dojú kọ mímì náà tààrà. Kurt Giss ni ó ronú rẹ̀: písítìn méjì ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sopọ̀ mọ́ra. Bí ọ̀kan bá sáré síwájú, èkejì yóò sáré sẹ́yìn, agbára wọn yóò sì pa ara wọn. Ọwọ́ kò ní mọ nǹkan kan lára. Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe wáṣà orí písítìn wọ̀nyẹn láyé ìgbà náà máa ń rún bí ọdún bá ti gorí ọdún, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìbọn náà. Láti tú u kí a tó pààrọ̀ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, nítorí pé a gbọ́dọ̀ to písítìn méjèèjì padà kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba géérégé.

Ẹni tí ń kó Diana jọ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ ara ìbọn lè ṣini lọ́nà. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará ilẹ̀ Scotland kan ni ó gba àmì Diana, nítorí náà ilé iṣẹ́ Rastatt kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ tajà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Original ni wọ́n ń kọ sí i lára níbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tí ó lọ sí Amẹ́ríkà sì ń jẹ́ Winchester. Ní 1984 ni àmì náà tó padà sílé. Ìbọn kan náà, orúkọ mẹ́ta: kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó ọ̀tọ̀ nítorí pé a sọ fún un pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìkẹrin ni Feinwerkbau 65. Oberndorf ni ó ti wá, ìlú tí a ti ń ṣe ìbọn Mauser látijọ́, àwọn méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Mauser, Karl Westinger àti Ernst Altenburger, ni ó sì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún 1965 ni ìbọn yìí jáde, ibẹ̀ ni a ti mú orúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tiwọn yàtọ̀: wọn kò lo písítìn méjì. Wọ́n gbé ọ̀pá àti sìlíńdà lé orí ojú irin kékeré kan. Ní ìṣẹ́jú tí apátí bá jáwọ́, gbogbo òkè ìbọn yóò yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lórí ojú irin náà, nígbà tí èkù dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ayìnbọn. Ọ̀pá gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń fà láti fún sípíríǹgì pọ̀, nítorí náà ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ kì í kúrò ní ipò rẹ̀ rárá, àmì tí a sì fi ojú mú lánàá yóò wà níbẹ̀ lónìí. Òrùka irin ni ó yí orí písítìn rẹ̀ ká, kì í ṣe awọ tàbí ọ̀rá, èyí sì ni ó jẹ́ kí ó máa pẹ́.

Kí a lè mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì, ẹ wo ohun tí ìdíje ń béèrè. Mítà 10 ni ayìnbọn fi jìnnà sí bébà àmì. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi gbé ìbọn náà. Ọta rẹ̀ jẹ́ ti mìlímítà 4.5. Ìbọn kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 1500 lọ, agbára tí ìka yóò fi fa apátí kò sì gbọdọ̀ dín sí gíráàmù 500. Òbìrìkítí tí ń fúnni ní máàkì 10 kò ju mìlímítà 11.5 lọ ní ìbú, kò tó èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ní Seoul ní 1988 ni ìdíje yìí kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì, tí Taniu Kiryakov ti Bulgaria gba wúrà ti ọkùnrin, tí Jasna Šekarić ti Yugoslavia sì gba ti obìnrin. Lónìí, àwọn tí ń díje ní ipele òkè ti fi sípíríǹgì sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ti rọ sínú àgbá kékeré ni wọ́n ń lò. Èyí ni ó jẹ́ kí Feinwerkbau 65 di ohun àtijọ́ tí apá mẹ̀kúnnù lè ká, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó lè ṣe kò dín kù.

Èwo wá ni kí ọmọ wa mú? Tiwa ni pé kí ó kọ́kọ́ ra Feinwerkbau 65. A kò sọ pé òun ni ó lẹ́wà jù, kò sì ní ìtàn tí a lè fi dá àlejò lára yá bí ti LP53. Ìdí wa ni pé ojú tí ọwọ́ kò tíì kọ́ kò lè ra ohun àtijọ́ dáadáa. Ẹni tí ó ti lo ọdún kan tàbí méjì pẹ̀lú ìbọn tí kì í purọ́ yóò mọ bí apátí tí ó dára ṣe ń jáwọ́, yóò mọ ìró sípíríǹgì tí ó yè àti ti èyí tí ó ti ṣẹ́, yóò mọ ìbọn tí ó ń jò. Bí ó bá wá gbé Webley Senior lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò sọ fún un ohun tí òǹtajà fi pa mọ́. Senior ni a ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ ìkejì tí yóò rà, ti àpótí, nítorí pé ọjọ́ orí wà fún un, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀, ó sì ṣeé yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìbà á jẹ́. Diana 6 ni kí ó rà kìkì bí òǹtajà bá ní ìwé tí ó fi hàn pé a ti pààrọ̀ wáṣà rẹ̀. LP53, kí ó fi sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá gbòòrò.

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, kí a má ṣe kánjú. Kí a ní kí ó yìn ín lójú wa, pẹ̀lú ọta nínú, nítorí pé ìbọn sípíríǹgì tí a yìn lófìfo ń fi písítìn gbá ògiri láìsí ìrọ̀rí afẹ́fẹ́, ó sì ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Bí èéfín bá jáde, tí òórùn òróró sì gba afẹ́fẹ́, a jẹ́ pé ẹnìkan ti rọ òróró sínú sìlíńdà, ooru afẹ́fẹ́ tí ó há sì ń mú un gbiná. Kí a wo inú ọ̀pá sí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kí a wo orí àwọn ìdè: bí ẹnu wọn bá ti jẹ, ọ̀gbẹ̀rì ti tú u rí.

Kí a sì ṣọ́ra fún ìbọn àtijọ́ tí ń dán jù. Àwọ̀ dúdú tí àwọn àgbẹ̀dẹ ń fi kun irin dà bí ti aṣọ ẹtù: bí ó bá ti ṣá díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ń dé, ẹ̀rí ọjọ́ orí ni. Kò sí ẹni tí í tún aṣọ ẹtù bàbá rẹ̀ rì sínú aró kí ó lè rí bí ti àná. Ẹni tí ó bá yún irin náà, tí ó tún un kùn, ti nu orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì sí owó tí ó lè mú wọn padà. Ìpẹtà nìkan ni kí a bá jà, pẹ̀lú aṣọ tí a fi òróró díẹ̀ pa, ní òde ara ìbọn, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án, nítorí pé iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó kù, òun ni kò sì ṣeé fi ṣeré. Ní ilẹ̀ Faransé, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ wà láàárín joule 2 àti 20 wà ní ìsọ̀rí D. Ẹni tí ó ti pé ọdún 18 lè rà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ọdún 18 ni, ṣùgbọ́n ní Scotland, ó gba ìwé àṣẹ láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2016. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ó nílò ìwé àṣẹ. Àwa tí à ń ti Kétu kọjá sí Ìmẹ̀kọ lọ sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: ohun tí ó jẹ́ eré ìdárayá ní Lyon lè di ẹ̀sùn lẹ́nu ibodè. Ẹni tí ó bá ń ronú àtimú un wá sílé, ní Benin tàbí Togo, kí ó bi àwọn aláṣẹ ní ìwé kí ó tó di ẹrù, kí ó sì dúró de èsì.

Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Webley àti LP53 jọ ìbọn ológun débi pé ọlọ́pàá kò ní dúró béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ni tàbí ẹ̀tù. Ẹ má ṣe gbé e jáde láìsí nínú àpò rẹ̀. Ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, ìbáà ṣe eré, nítorí pé ọta kékeré yẹn lè fọ́ ojú. Bí ẹ bá ń ki ọta sínú rẹ̀, ẹ di ọ̀pá tí ó ń fún sípíríǹgì mú dáadáa, kí ó má baà já kí ó gé ìka. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí pé májèlé ni òjé.

Ní ti ọmọ tí yóò jogún rẹ̀, ìwé kan ṣe pàtàkì ju àpótí aláràbarà lọ. Kí ọmọ wa kọ ọjọ́ tí ó ra ìbọn náà sílẹ̀, ibi tí ó ti rà á, iye owó rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti gbogbo ẹ̀yà tí ó bá pààrọ̀. Kí ó tọ́jú èyí tí ó yọ kúrò sínú àpò kékeré, kí ó má ṣe jù ú nù. Kí ó fi ìwé náà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìbọn. Bí ẹni tí ó jogún rẹ̀ bá ṣí àpótí náà ní ogójì ọdún sí i, yóò mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kò ní sí òǹtajà tí yóò lè ro ìtàn ẹlòmíràn fún un.